Celestron NexStar 8SE fún wíwo sátẹ́láìtì láti Kétu: ibi tó ti dára, ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tó bá ra NexStar 8SE torí kó lè rí ISS, ibùdó àgbáyé tó wà lójú sánmà, owó rẹ̀ kò wọgbó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí awò yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù ní Kétu ilẹ̀ Benin kọ́ nìyẹn. Àwọn sátẹ́láìtì tí kì í kúrò lójú kan, àwọn tí díìṣì orí òrùlé wa ń kọjú sí tọ̀sán-tòru, ni ó ti ń yọ níbí. A ó débẹ̀. ISS ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣíwájú.

Ohun tó wà nínú páálí

Awò awọ̀nàjínjìn oníkọ̀ǹpútà ni 8SE. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 203 mm. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀ kó tó di àwòrán gùn tó 2032 mm, ṣùgbọ́n nítorí pé dígí méjì ló ń ká ìmọ́lẹ̀ náà padà, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ó rí ṣẹ́kẹ́ bí ìlù kékeré. Apá kan ṣoṣo ló gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Inú apá yẹn àti ìdí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kéékèèké méjì wà: ọ̀kan ń yí i sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń gbé e sókè sódò. Rìmóòtù tó ń darí wọn mọ ohun tó ju 40,000 lọ lójú ọ̀run, ìràwọ̀, pílánẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Sátẹ́láìtì kò sí nínú wọn. Ẹni tó bá ń retí pé òun á kàn tẹ bọ́tìnnì kan kí ISS wá fara hàn, ó ti gbà á lódì láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ẹ bá so mọ́ ọn ló máa sọ ibi tí yóò kọjú sí.

Gbogbo ẹrù náà wọn tó kílò 15. Ní Amẹ́ríkà, ó ju dọ́là 1,000 lọ kó tó wọ ọkọ̀, kí ẹ tó ka owó ọkọ̀ àti owó oníbodè ní Kútọ̀nù mọ́ ọn. Láti Kútọ̀nù wá sí Kétu, inú ọkọ̀ ni kó wà, nínú fóòmù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Ẹ má gbé e sórí zémidjan. Kì í ṣe pé yóò já bọ́ ni ìṣòro. Gbígbọ̀n ọ̀nà ló ń yẹ dígí kékeré iwájú kúrò ní ipò rẹ̀, awò tí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ sí á máa fi ISS hàn bí ẹyin tí wọ́n fọ́ sínú ọbẹ̀.

Ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti yẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ tó sì ga, kí ẹ yí bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ títí ìràwọ̀ náà yóò fi wú tó bí òrùka. Bí ihò dúdú inú òrùka bá wà láàárín gan-an, kò sí wàhálà. Bí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síkúrù mẹ́ta tó wà níwájú gíláàsì ni ẹ ó fi tún un ṣe. Kí ìyípo kọ̀ọ̀kan má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ, kí ẹ sì dá ìràwọ̀ padà sí àárín kí ẹ tó tún yí òmíràn. Ẹ má tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán láéláé: dígí kékeré á já wọnú ọ̀pá, á sì lọ fọ́ mọ́ dígí ńlá.

Iná ńkọ́? Bátìrì AA mẹ́jọ ni wọ́n ní kí ẹ fi sí i. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì méjèèjì bá ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà, iná bátìrì á lọ sílẹ̀, rìmóòtù á kú, á tún tàn, gbogbo ohun tí ẹ ti fi hàn án nípa ojú ọ̀run á sì ti pòórá. Ẹ wá bátìrì 12 V, 7 Ah, irú èyí tó ń wà nínú UPS. Ẹnu wáyà tó ń wọ̀ ọ́ fẹ̀ ní 5.5 mm níta, 2.1 mm nínú, àárín rẹ̀ sì ni pọ́sítíìfù. Ẹni tó bá gbé e sódì lè jó pátákó inú rẹ̀. Ẹnu wáyà yẹn máa ń rọ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ìdí awò bá ń yí, wáyà á fà, iná á sì já fún ìdá kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn sì tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ẹ wé wáyà náà mọ́ ẹsẹ̀ awò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ kó rọ̀ dáadáa.

Fífi ojú ọ̀run hàn án

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí, tí wọ́n á sì máa bú awò. Awò kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń ṣe. Ẹ má wulẹ̀ wá Kétu kiri nínú àkójọ ìlú inú rìmóòtù. Ẹ yan Custom Site, kí ẹ tẹ dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 22 ní àríwá, dígírì 2 àti ìṣẹ́jú 36 ní ìlà-oòrùn. Fún Àjàṣẹ́, 6 àti 30, 2 àti 37. Fún Ṣábẹ̀, 8 àti 2, 2 àti 29. Ìlà-oòrùn ni o, kì í ṣe ìwọ̀-oòrùn. Aago wa fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich, Standard Time sì ni, nítorí a kì í sún aago síwájú sẹ́yìn níbí bí àwọn ará Yúróòpù. Ọjọ́ tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: oṣù ni rìmóòtù fi ń ṣáájú, bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ 4/11 pẹ̀lú èrò pé ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ni, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ni awò gbọ́, òun náà á sì máa wá ìràwọ̀ tí kò tíì yọ kiri inú ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan SkyAlign. Ẹ ó fi ohun mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ hàn án, kò pọn dandan kí ẹ mọ orúkọ wọn. Òṣùpá wà lára ohun tó gbà, àgùàlà náà sì wà níbẹ̀, ẹni tó bá ṣì rò pé ajá òṣùpá ni kò ní pàdánù nǹkan kan. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà síra wọn, kí wọ́n má sì tò sórí ìlà kan. Ẹ fi iná pupa orí rẹ̀, àmì kékeré tó ń fi ibi tí awò kọjú sí hàn, mú ti àkọ́kọ́, ẹ tẹ ENTER. Ẹ wò ó nínú gíláàsì ojú, èyí tí à ń fojú sí lẹ́yìn awò, ẹ gbé e sí àárín, ẹ tẹ ALIGN. Bọ́tìnnì tí ẹ ó fi parí gbígbé e sí àárín gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òkè àti ti ọ̀tún nìkan. Bí ìràwọ̀ bá kọjá àárín, ẹ dá a padà sẹ́yìn kí ẹ tún fi òkè àti ọ̀tún mú un. Ìdí ni pé eyín ẹ́ńjìnnì ní àlàfo láàárín ara wọn. Bí ẹ bá ń ti ọwọ́ kan náà wá nígbà gbogbo, àlàfo náà á máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, kò ní dàrú. Kí ẹ tó gbà pé ó ti mọ̀nà, ẹ ní kó lọ sí ìràwọ̀ kẹrin tí ẹ kò lò. Bí ó bá bọ́ sínú gíláàsì ojú 25 mm, ó tó. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ tún un ṣe látòkè. Sátẹ́láìtì kò ní dúró dè yín.

Àwọn kan ń béèrè ìdí tí wọn kò fi lè lo irú ìdúró tó máa ń fi ìràwọ̀ àríwá, Polaris, tọ́nà. Láti Kétu, dígírì 7 péré ni Polaris ga sókè ilẹ̀. Ọ̀pẹ àti òrùlé ti bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni síkúrù wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ ju dígírì 15 tàbí 20 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ná owó sí i.

Lílépa ISS

ISS ń lọ ní nǹkan bí kìlómítà 420 sókè, ó ń sáré tó kìlómítà 7.66 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 93. Bí ó bá wà ní ọ̀gángán orí, dígírì 1 ló ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Òṣùpá fúnra rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìdajì dígírì lọ. Kí ẹ tó parí "òun nìyẹn," ó ti kọjá ibi tí òṣùpá méjì lè gbà.

Rìmóòtù ní iyara mẹ́sàn-án, ti 9 sì yá ju dígírì 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ẹnìkan á ní ó tó nígbà náà. Kò tó nígbà gbogbo, ìdí rẹ̀ sì ni bí wọ́n ṣe gbé awò yìí dúró. Nígbà tí nǹkan bá ń kọjá nítòsí ọ̀gángán orí, kì í ṣe òkè ni awò nílò láti lọ, ṣe ni ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí gbìràmù láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bí ISS bá kọjá ní gíga dígírì 60, ìdí awò nílò dígírì 1.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ní 70, ó di 2.8. Ní 80, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6, ẹ́ńjìnnì yìí kò sì lè bá a. Nítorí náà, èyí tó ga jù, tí gbogbo ènìyàn máa ń sáré sí, ni ẹ ó jọ̀wọ́ sílẹ̀. Ẹ yan àwọn tí gíga wọn wà láàárín 40 sí 70. Tí ó bá lọ sílẹ̀ ju 40 lọ, ó ti jìnnà, afẹ́fẹ́ tó nípọn á sì máa gbo àwòrán rẹ̀.

Àkókò náà kò gùn. Oòrùn wa ń wọ̀ ní ìdúró, kì í yọ́ lọ ní ìfẹ̀gbẹ́ bí ti òkè òkun. Ní nǹkan bí wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ISS tó wà lókè orí ti bọ́ sínú òjìji ayé, kò ní mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ bí ìṣẹ́jú 25 àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé ojú ọ̀run kò tíì ṣú. Nítorí náà, bí oòrùn bá wọ̀ ní aago méje, láàárín aago méje kọjá ìṣẹ́jú 25 sí aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo eré náà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìdájí kí oòrùn tó yọ. Ojúlé Heavens-Above á sọ aago àti gíga fún yín tí ẹ bá ti fi Kétu hàn án.

Ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí sátẹ́láìtì wà ni ìlà méjì nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní TLE. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì 69. Ojúlé CelesTrak ni ẹ ti ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà ISS ni 25544. Nínú ìlà àkọ́kọ́, ẹ wá nọ́ńbà tó dà bí 25120.5: 25 ni ọdún 2025, 120 ni ọjọ́ tó ṣe ọgọ́fà nínú ọdún náà, ìyẹn April 30, 0.5 sì ni ọ̀sán gangan ní aago Greenwich, aago kan ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti ju ọjọ́ kan lọ, ẹ gba tuntun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wò ó. Wọ́n máa ń tan ẹ́ńjìnnì láti ti ISS sókè látìgbàdégbà. Lẹ́yìn ìyẹn, TLE àtijọ́ ti di irọ́.

Aago kọ̀ǹpútà náà tún wà ńbẹ̀. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ṣìnà, awò á ti fi dígírì kan ṣìnà nígbà tí ISS bá wà lókè, gíláàsì 32 mm kò sì fi ju dígírì 0.8 hàn. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, kí ẹ tún aago rẹ̀ ṣe kó tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí ẹnìkan bá ní "kò wá," àfàìmọ̀ ni mẹ́jọ kò ní jẹ́ ti aago.

Ní ti ètò orí kọ̀ǹpútà, Windows ni ẹ nílò. Ẹ fi ASCOM Platform, tó ń jẹ́ kí àwọn ètò àti awò gbọ́ ara wọn, sí i, ẹ fi CPWI tí Celestron ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láti darí awò sí i, kí ẹ wá fi SkyTrack ti HeavenScape, èyí tó ń lépa sátẹ́láìtì, lé e. Wáyà náà ń wọ ìdí rìmóòtù. Rìmóòtù tuntun ní ihò USB. Ti àtijọ́ ń lo wáyà sẹ́ríà, ẹ ó sì nílò wáyà tó ń sọ ọ́ di USB. Ìyọnu tó wọ́pọ̀ ni Windows 11: kì í fẹ́ gba ṣíìpù PL2303 àtijọ́ tó ń wà nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀, á máa kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sínú Device Manager dípò kó fún un ní nọ́ńbà COM. Ẹ fi dráífà (driver) àtijọ́, ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ wáyà náà, sí i, tàbí kí ẹ ra wáyà mìíràn. Wáì-fáì Celestron wà, ó sì dára fún òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì. Fún ohun tó ń sáré báyìí, wáyà ni ẹ lò.

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ìràwọ̀ tún ojú awò ṣe kó mọ́ kedere, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. ISS àti ìràwọ̀, ojú kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹ fi gíláàsì 32 mm bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 63. Ẹ ní kí SkyTrack lọ dúró síbi tí ISS yóò gbà ní gíga dígírì 20, kó máa dúró dè é. Bí ó bá dé, ẹ ṣọ́ ọ nínú iná pupa kí ẹ tó fojú sí gíláàsì. Bí ó bá ń ṣíwájú tàbí ń kẹ́yìn lórí ọ̀nà kan náà, aago ni, ẹ fi àtúnṣe aago mú un. Bí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, awò ni kò mọ̀nà dáadáa, ẹ fi pádì géèmù tí ẹ so mọ́ kọ̀ǹpútà ti í díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ga jù ni á ti fò: ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e sókè sódò ti ń yí padà láti gígòkè sí sísọ̀kalẹ̀, àlàfo eyín rẹ̀ á sì fi ara hàn. Ẹ sún ọ̀pá awò síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìdè rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju èkejì lọ. Eyín á máa fara ti ara wọn, fífò náà á sì dín kù.

Kí ni ẹ ó rí? Ní gíga dígírì 60, ISS jìnnà tó kìlómítà 475. Pẹ̀lú gíláàsì 25 mm tó bá awò wá, tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 81, ó fẹ̀ tó òṣùpá méjì tí ẹ fi ojú lásán wò. Páńẹ́lì oòrùn rẹ̀ ní àwọ̀ bíi wúrà, ara rẹ̀ funfun. Ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà gbà á, fídíò ni kó ká, kí fírémù kọ̀ọ̀kan má ju ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, kó sì wá ṣa èyí tó mọ́ nínú wọn. Ó le ju ti ojú lọ fíìfíì: sẹ́ńsọ̀ tó fẹ̀ ní 5 mm kò rí ju dígírì 0.14 lọ nínú awò yìí. Ẹni méjì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, ọ̀kan lójú iná pupa, ọ̀kan nídìí kọ̀ǹpútà.

Hubble, awò awọ̀nàjínjìn ńlá tó ń yí ayé po, tún wà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 20580. Ojú ọ̀nà rẹ̀ kì í kọjá dígírì 28.5 sí àríwá tàbí gúúsù, nítorí náà ará Paris kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rí láti ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọjá lókè Kétu gan-an. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 13.2. Bí igi ìṣáná ni ẹ ó ṣe rí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ni láti fi awò wo awò.

Bí a bá fi wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Apá kan ṣoṣo yẹn ni àléébù 8SE. Ẹ fọwọ́ kàn án, á gbọ̀n fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Afẹ́fẹ́ náà tó láti gbọ̀n ọ́n. Ẹ má na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, kó lọ sílẹ̀, kí ẹ jókòó ti í. Arákùnrin rẹ̀ kékeré, 6SE, wà lórí apá kan náà pẹ̀lú ojú 150 mm àti gígùn 1500 mm. Ó fúyẹ́ jù, ó dúró dáadáa jù, gíláàsì 32 mm sì ń fi dígírì 1.1 hàn nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ISS nìkan ni ẹ ń lépa, 6SE ni ẹ rà.

AZ-GTi ti Sky-Watcher rọrùn jù láti gbé: orí rẹ̀ wọn kílò 1.3, ó ń gbé awò tó tó kílò 5, fóònù ló ń darí rẹ̀, ó sì ń bá PreviSat ṣiṣẹ́ lórí Windows láti lépa sátẹ́láìtì. Awò kékeré nìkan ló lè gbé, ISS inú rẹ̀ kéré. Ní ti Meade àtijọ́, rìmóòtù Autostar rẹ̀ ní sátẹ́láìtì nínú láìlo kọ̀ǹpútà, ohun tí Celestron kò ní. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Meade àti ilé-iṣẹ́ Orion tó jọ wà lábẹ́ òrùlé kan ti kógbá sílé ní 2024. Ẹni tó bá rí i ní tòkúnbọ̀ kó mọ̀ pé kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò lọ bá fún ohun èlò.

Ojú ọjọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo ojú ọ̀run, á sì bà sórí gíláàsì iwájú: ẹ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ kúrò, ẹ má fi aṣọ nù ún, yóò ha á. Lásìkò òjò, ìrì ni ọ̀tá; ẹ gé fóòmù ẹní, ẹ wé e mọ́ ẹnu awò kó gùn jáde tó 30 cm. Gbé e síta fún wákàtí kan kí ara rẹ̀ tutù tó bí ti ìta. Àwọn ará Ṣábẹ̀ tó fẹ́ gbé e sórí àpáta torí pé ojú ọ̀run là síbẹ̀, kí wọ́n rántí pé àpáta tó ti yá oòrùn láti àárọ̀ á máa tú ooru jáde di alẹ́, àwòrán á sì máa jó. Orí koríko ló dára jù.

Àwọn tí kì í rìn

Ní kìlómítà 35,786 lókè ìlà agbedeméjì ayé, sátẹ́láìtì ń yí ayé po ní iye àkókò kan náà tí ayé fi ń yí ara rẹ̀, nítorí náà ojú kan ló ń dúró sí. Nítorí pé Kétu kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì, ìlà tí wọ́n tò sí ń gba òkè orí wa kọjá, ní dígírì 81 sókè lápá gúúsù. Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ fẹ́lẹ́. Ará Yúróòpù ń wò wọ́n ní ìsàlẹ̀ láàárín èéfín.

Ohun mìíràn wà tí ìbùkún ibi tí a wà jẹ́. Láti Kétu, ìlà yẹn bọ́ sí dígírì 1 àti ìṣẹ́jú 18 ní gúúsù ìlà agbedeméjì ọ̀run, ìyẹn ìlà tó wà lójú ọ̀run ní ọ̀gángán ìlà agbedeméjì ayé. Alnilam, ìràwọ̀ àárín nínú àwọn mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ ní àárín ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orion, wà ní dígírì 1 àti ìṣẹ́jú 12. Orí ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà! Ní Àjàṣẹ́ ìlà náà jẹ́ 1 àti 9, ní Ṣábẹ̀ 1 àti 25. Gíláàsì 32 mm gba gbogbo rẹ̀. Ní Paris, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé dígírì 7, Alnilam kò sì bá a tan rárá.

Nítorí náà, láti December títí di March, ní alẹ́ tí kò sí òṣùpá, ẹ yan Alnilam nínú Named Stars, ẹ ní kí awò lọ síbẹ̀. Ẹ sún un díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà bọ́ sí etí gíláàsì, nítorí ó ń fọ́ ojú. Kí ẹ máa wò. Awò ń bá ìràwọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àwọn sátẹ́láìtì dúró, nítorí náà ẹ ó rí ààmì kékeré kan tó ń yọ́ kọjá láàárín ìràwọ̀ tó dúró, ó ń lọ sápá ìlà-oòrùn. Láti etí gíláàsì dé etí kejì, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ojú 203 mm ni ó fi yẹ kí a rà á, 6SE á máa wá wọn tìyà-tìyà.

Nígbà tí ẹ bá mú ọ̀kan, ẹ wọ Menu, Tracking, Mode, kí ẹ yan Off. Ìdàkejì ló máa ṣẹlẹ̀: gbogbo ìràwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ, òun nìkan á dúró sí àárín bí òkúta nínú odò. Ẹ lè gbé gíláàsì tó lágbára jù sí i báyìí, ẹ lè pe àwọn ọmọ wá wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní sá lọ. Sátẹ́láìtì SES-4 tí àwọn díìṣì Canal+ ń kọjú sí wà ní dígírì 22 ìwọ̀-oòrùn. Láti Kétu, gíga rẹ̀ jẹ́ dígírì 60, ìdojúkọ rẹ̀ jẹ́ 254 tí a bá kà á láti àríwá gba ìlà-oòrùn. Bí awò bá ti mọ̀nà, Get Alt-Az inú rìmóòtù á sọ fún yín bóyá ẹ ti débẹ̀. Ẹ tún ṣàyẹ̀wò rẹ̀ pẹ̀lú Stellarium, ètò tó ń fi ojú ọ̀run hàn lórí kọ̀ǹpútà, torí òun nìkan kọ́ ló ń gbé ní àdúgbò yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó yí March 20 àti September 20 ká, oòrùn, ayé àti sátẹ́láìtì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tò sórí ìlà kan ní ààjìn. Ẹ ṣọ́ ọ̀kan nígbà náà: á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà á kú pátápátá bí àtùpà tí wọ́n fẹ́ pa. Òjìji ayé ló wọ̀. Ó lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú 70 kó tó tún yọ, níbi kan náà tó ti kú.

Ẹ má gbàgbé láti fi ipò rẹ̀ pamọ́. Save Land Obj ni ẹ ó lò, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń wo ilé tàbí igi ní ọ̀nà jíjìn. Rìmóòtù kò mọ̀ pé kìlómítà 36,000 ló wà láàárín wọn. Lójú tirẹ̀, ọ̀pẹ kan ni tó dúró ní etí oko.